Àdúrà Kí Adágún Má Yọ́

Sátidé, 4 Dìsẹ́ńbà 2010

Ẹnu mi ti kó bá mi.

Mo ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ramsbottom nílùú Òyìnbó yìí láàárọ̀ yìí nígbà tí Theresa yọ sí mi. Òun ni ìyá tó ń gbé ilé kejì sí wa, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, tó máa ń rìn yí adágún ẹ̀yìn ilé wa ká lójoojúmọ́, òjò ni o, ìrì ni o. Nínú ìwé yìí, Ọ̀gá Adágún ni mo ń pè é. Ó ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún ni àwọn ará àdúgbò máa ń wọ inú adágún náà, nínú òtútù, fún ìgbádùn. Fún ìgbádùn! Ó ní ṣé èmi náà máa bá wọn wọ̀ ọ́. Mo ní, "Yes Ma."

Kí ni kí n sọ? Bí àgbà bá ní kí o wá, wàá ní ó ti yá Ma, lẹ́yìn náà lo máa wá ọgbọ́n tí o kò fi ní í lọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Nílé, àgbà náà mọ̀ pé ọ̀wọ̀ lásán ni. Theresa kò mọ̀. Ó yọ bírò jáde lápò, ó kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Mọ́ńdé, 6 Dìsẹ́ńbà

Òtútù. Bọ́ọ̀sì kò wá. Mo pẹ́ dé ọsibítù ní Crumpsall, aláìsàn mẹ́ta ti ń dúró dè mí kí n tì wọ́n lọ síbi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara.

Wẹ́sìdé, 8 Dìsẹ́ńbà

Ìwé ìròyìn adágún gba ihò lẹ́tà wọlé. Theresa ló ń kọ ọ́. Ẹ má fún pẹ́pẹ́yẹ ní búrẹ́dì mọ́. Ẹnì kan sọ ìbọ̀wọ́ òsì nù, aláwọ̀ ewé. Ìrìn Sátidé ṣì wà, ọbẹ̀ gbígbóná wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá: Ọ̀gbẹ́ni Akíndélé, tó lúwẹ̀ẹ́ la ọ̀sà ńlá kọjá ní Áfíríkà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ni yóò ṣíwájú wa lọ́dún yìí.

Ta ló sọ fún un? Nathan, ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó ti sọ fún gbogbo kíláàsì rẹ̀ náà. Ta ló sọ fún Nathan? Ìyá rẹ̀. Ta ló sọ fún ìyá rẹ̀?

Mo pa ìwé yìí dé.

Tọ́sìdé, 9 Dìsẹ́ńbà

Ìwé, ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Èmi ọmọ Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n bí sí etí ọ̀sà! Ẹ̀gbọ́n mi kan bómi lọ kí wọ́n tó bí mi, màámi sì búra pé òun kò ní í fún omi lọ́mọ kejì. Inú korobá ni mo ti mọ omi. Àwọn ẹgbẹ́ mi á fò sínú ọ̀sà, èmi á máa ṣọ́ ṣòkòtò wọn.

Ọdún 1996 ni mo pa irọ́ yẹn, ní Yaba. Wùmí ni mo ń lé nígbà náà — òun náà ni Kọmíṣọ́nà ilé wa lónìí. Ọkùnrin kan tó ń gbá tẹníìsì tún ń lé e. Kí ni kí èmi fi gbé ara mi ga? Mo ní mo lúwẹ̀ẹ́ la ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kọjá. Ojú rẹ̀ tàn. Ó parí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ lo mẹ́rìnlá. Ó yẹ kó ṣì ku mẹ́fà!

Sọ́ńdè, 12 Dìsẹ́ńbà

Pásítọ̀ ní ká gbàdúrà kí Ọlọ́run mú òtútù yìí kúrò ní Manchester nítorí àwọn arúgbó. Gbogbo ìjọ gbóhùn sókè. Èmi náà gbóhùn sókè: Baba, fi kún un! Jẹ́ kí adágún yẹn dì gbagidi! Sístà Ọmọ́bọ́lá tó jókòó tì mí rí bí òógùn ṣe bò mí, ó ní Ọlọ́run ti gbọ́, Brother. Mo ṣe àmín tọkàntọkàn.

Sátidé, 18 Dìsẹ́ńbà

Ó gbọ́!

Èmi àti Nathan lọ fún ìrìn Sátidé. Wọ́n fún wa ní ọbẹ̀ kárọ́ọ̀tì kan tí ata kò dé ìdí rẹ̀ rí. Adágún ti dì láti etí dé etí. Theresa ju òkúta sí i, ó dún gbàn-ìn, ó yọ̀ lọ sí òdìkejì. Ó ní bí kò bá yọ́ títí di ọjọ́ kìíní, a ò ní í wọ̀ ọ́, torí ewu. Mo ní ó mà ṣe o, Ma. Mo fajú ro. Nígbà tí mo délé, mo jó wọ ilé ìdáná. Kọmíṣọ́nà béèrè kí ló dé. Mo ní ayọ̀ Olúwa ni.

Wẹ́sìdé, 22 Dìsẹ́ńbà

Yìnyín dá rélùwéè dúró. Wákàtí mẹ́ta ni Kọmíṣọ́nà fi bọ̀ láti ọ́fíìsì rẹ̀ ní Stockport. Mo bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ náà tutù bí ẹja inú fíríìsà. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ń gbàdúrà kí òtútù yìí dúró, kí Ọlọ́run dárí jì í. Ojú mi ló ń wò. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ojú sì tì mí. Mo dín àdúrà náà kù díẹ̀.

Sátidé, 25 Dìsẹ́ńbà

Kérésìmesì. Ó ṣì dì. Mo jẹ ẹsẹ̀ tọ́kì méjì pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn.

Túsìdé, 28 Dìsẹ́ńbà

Òjò. Òjò gidi. Ó ń kán látorí òrùlé — tó, tó, tó. Mo fi ìrọ̀rí bo etí.

Tọ́sìdé, 30 Dìsẹ́ńbà

Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ti wà láàárín omi, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́. Pẹ́pẹ́yẹ lásánlàsàn!

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ láti àárọ̀. Kọmíṣọ́nà fi Robb pa mí láyà, ó po ata gígún mọ́ omi gbígbóná, ó dúró tì mí títí mo fi mu ún tán. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta, ikọ́ ti lọ tipátipá. Ó tún ra bàtà òjò tuntun, gígùn dé orúnkún, òun tí kì í sún mọ́ adágún! Mo bi í kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní ẹsẹ̀ òun ni, kì í ṣe tèmi.

Fúráìdé, 31 Dìsẹ́ńbà

Wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó láàbò tó mi ní gbogbo Ramsbottom.

Irọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ sọ fún Wùmí nídìí oúnjẹ. Nathan wọlé, ó ní àwọn ọmọ kíláàsì òun ń bọ̀ wá wò mí. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì pẹ̀lú ẹ̀bà.

Sátidé, 1 Jánúárì 2011

Mo wà láàyè.

Bí ogójì èèyàn ló dúró sí etí adágún. Nathan àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba iwájú. Èmi nìyẹn nínú ṣòkòtò péńpé, tí eyín mi ń lu ara wọn. Theresa wọ aṣọ ìwẹ̀ pupa, ó gbá mi lẹ́yìn, ó ní ó yá, máa ṣíwájú. Mo ní Yes Ma. Omi dé kókósẹ̀, mo pe Jésù. Ó dé orúnkún, mo pe màámi. Mo tún gbé ẹsẹ̀ bíi mélòó kan, ẹrẹ̀ yọ̀ mí, omi bò mí lórí.

Mo ń lu omi, mo ń mu omi, mo ń dágbére fáyé. Mo rántí ẹ̀gbọ́n mi tí n kò rí rí. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn kan, kò pariwo, ó sì sún mọ́ mi gan-an: "Akíndélé. Dìde dúró."

Ọdún mẹ́tàlá tí a ti fẹ́ra, kò pe orúkọ mi gbáko lójú èèyàn rí. Ìtìjú borí ẹ̀rù. Mo dìde dúró.

Omi mu mí dé ìdodo. Ìdodo péré! Theresa àti àwọn yòókù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń lọgun, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ kí omi lè kàn wọ́n láyà, wọ́n sì ń sá jáde. Kò sẹ́ni tó lúwẹ̀ẹ́ nínú wọn. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ gbèrò rẹ̀! Ká ní mo ti béèrè lọ́jọ́ kìíní — àmọ́ ta ló ń bi àgbà ní ìbéèrè lẹ́yìn tó ti sọ Yes Ma? Wùmí dúró sínú omi níwájú mi, tòun ti kóòtù rẹ̀, omi ti kún inú bàtà tuntun náà. Ó na ọwọ́ sí mi. N kò jù ú sílẹ̀ títí a fi dé òkè.

Lójú ọ̀nà ilé, mo sọ fún Nathan pé irọ́ ni mo pa, n kò la ọ̀sà kankan kọjá rí. Ó ń fẹsẹ̀ ta òkúta kan lọ títí a fi dé géètì. Ó wá béèrè bóyá ọ̀nì tí mo ní mo gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́ nínú ìtàn náà, irọ́ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun ti fura sí ti ọ̀nì tẹ́lẹ̀.

Wùmí bu omi gbígbóná sínú bàsíà, a jọ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ní kí n sinmi. Ó ní ó ku ọ̀sẹ̀ méjì ká ṣègbéyàwó nígbà tí màámi fa òun sí kọ̀rọ̀, wọ́n di òun lọ́wọ́ mú, wọ́n ní: "Ìyàwó mi, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ ọ́. Ọmọ yìí kò mọ omi. Má jẹ́ kó dá wọ̀ ọ́ o." Ọdún kẹrin rèé tí màámi ti kú.

Mo bi í pé, gbogbo ìgbà tí mo ń pa ìtàn ọ̀sà fún àlejò, tí òun náà ń gbé ẹran fún wọn, tó ń mi orí ńkọ́? Ó ní ìtàn náà máa ń dùn lẹ́nu mi. Ó ní òun kàn ń retí ọjọ́ tí èmi fúnra mi máa sọ fún òun ni. Mo ní tó bá ti mọ̀ kó tó fẹ́ mi, kí ló dé tó tún fẹ́ mi?

Ó bu omi gbígbóná kún ti ẹsẹ̀ mi.

"Ṣé omi ni mo fẹ́ ni?"