Ohùn Ìyálé Nínú Géèmù Ọkọ̀

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹsàn-án
Fídíò náà ti jáde. Ìṣẹ́jú méjì péré. Baba Ìrètí wò ó nígbà mọ́kànlá kó tó lọ síbi iṣẹ́. Mo kà á.

(A ò bí ọmọ kankan tó ń jẹ́ Ìrètí. Èmi ni mo sọ ọkọ mi bẹ́ẹ̀, nínú ìwé yìí nìkan, torí pé ìrètí ló ń jẹ, òun ló ń mu, òun náà ló fi ń bora.)

Géèmù ọkọ̀ sísáré, ẹ̀kẹfà irú rẹ̀. Ogúnjọ́ oṣù yìí ni yóò dé. Ọdún méjì la ti ń dúró dè é nínú ilé yìí.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹsàn-án
Kí n kọ ibi tí wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kó má di ìtàn èké lọ́la.

Baba Ìrètí ní ọkọ̀ kan. Ó ti rà á kó tó fẹ́ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Ìyálé. Ìyálé kì í lọ ọjà, kì í gbé ènìyàn lọ síbi iṣẹ́. Inú gáráàjì ló ń gbé, ó sì ń wẹ̀ ní gbogbo Àbámẹ́ta. Èmi ìyàwó, tí mo ń ṣe eyín àtọwọ́dá tà jẹun, orí tábìlì ìjẹun ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Bí o bá fẹ́ mu tíì nílé wa, kọ́kọ́ yẹ ife rẹ wò.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn tó ń ṣe géèmù yìí wá. Wọ́n ń wá ọkọ̀ àtijọ́ tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n so maikí onírun bí ológbò mọ́ ìdí sàlẹ́ńsà, wọ́n so òmíràn mọ́ ẹ́ńjìnnì. Baba Ìrètí jókòó sínú ọkọ̀, ó ń tẹná láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ilé ń gbọ̀n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ to eyín Ọ̀gá Àgbà sínú ìda tán ni — Ọ̀gá Àgbà, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń retí láti jẹ ẹran lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ — ni gbogbo rẹ̀ bá dà sílẹ̀, ó yí wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Mo jáde sí wọn. Mo sọ ohun tó yẹ kí n sọ.

Wọ́n bẹ̀ mí. Wọ́n ní kí Baba Ìrètí fọwọ́ sí ìwé kan, wọ́n fún un ní fìlà, wọ́n lọ. Fìlà yẹn ló ń dé láti ọjọ́ náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kẹsàn-án
Àwọn tó ti ń gbá géèmù yìí tipẹ́ ò gba fídíò náà rárá. Ẹgbẹ́ Aláròyé, bí mo ṣe ń pè wọ́n. Wọ́n ní òjò inú rẹ̀ dà bí epo ọkọ̀. Wọ́n ní sítẹ́árìn ń yí, ọwọ́ awakọ̀ kò yí. Wọ́n ní ọkọ̀ tó yẹ kó bú ramúramù ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta.

Baba Ìrètí ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí láàárín eyín àti búrẹ́dì, ó sì dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ ní sùúrù, fídíò lẹ rí, ẹ ò tíì rí géèmù. Ojú ló ń yẹ̀ wò nílé ìwòsàn. Látàárọ̀ ló ń bi ènìyàn pé lẹ́tà wo nìyí. Bó bá délé tán, òun nìkan ló ń rí ohun tí kò sí lára ògiri.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kẹsàn-án
A ti ṣe àdéhùn. Bí ohùn Ìyálé bá wà nínú géèmù, n kò ní dárúkọ gáráàjì mọ́ láyé mi. Bí kò bá sí, Ìyálé á kó jáde, èmi á kó wọlé pẹ̀lú ìda, símẹ́ńtì funfun àti eyín mi. Baba Ìrètí yára gbà. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ káàánú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹsàn-án
Ó ti ń dé fìlà sùn.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹsàn-án
Wọ́n gbé orúkọ àwọn ọkọ̀ inú géèmù jáde. Igba ó lé mẹ́rin. Irú Ìyálé kò sí níbẹ̀. Baba Ìrètí ní wọn ò tíì kọ ọ́ tán ni. Ẹgbẹ́ Aláròyé ń bú àwọn tó ṣe é, àwọn kan ní àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́. Ó ní òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Mo ní ẹyẹ wo?

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹsàn-án
Mo fi téèpù wọn gáráàjì. Tábìlì gígùn á gba ògiri ọwọ́ òsì, kọ́bọ́ọ̀dù á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Baba Ìrètí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Nígbà tí mo ṣe tán, ó pọn omi, ó wẹ Ìyálé. Àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ẹ́. Àánú ṣe mí díẹ̀. Díẹ̀ ni o.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Oṣù Kẹsàn-án
Géèmù dé. Baba Ìrètí ò lọ síbi iṣẹ́. Ó wa gbogbo ọkọ̀ inú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó di ojú, ó tẹ́tí. Ẹ̀rọ ìlọta ni gbogbo wọn lóòótọ́. Nígbà tó kan ìkẹyìn, ó ṣí fìlà, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Mo jàre. Ó yẹ kínú mi dùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kẹsàn-án
Kò bá mi jiyàn. Aago mẹ́sàn-án ló wa Ìyálé lọ bá ẹni tó fẹ́ rà á. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ títí tó fi yà ní kọ̀rọ̀. Ilé dákẹ́. Mo to eyín mẹ́jọ, ọ̀kan ò mira.

Mo wá gbé páàdì géèmù náà, kí n lè rí nǹkan bú sínú ìwé yìí. Mo mú ọkọ̀ pupa kan. Kọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, mo kọlu ògiri. Àwọn èrò ìwòran pariwo. Ohùn obìnrin kan sì ta yọ láàárín wọn:

"Ẹ pa á o! Gbogbo eyín Ọ̀gá Àgbà ti dà sílẹ̀!"

Páàdì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo tún kọlu ògiri. Ó tún ké. Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ni mo kọlu ògiri, ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ni mo gbọ́ ara mi.

Mo pe ọkọ mi lórí fóònù. Ó ní wọ́n ṣì ń yẹ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì wò.

"Ẹ má fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ gbé Ìyálé bọ̀ wálé."

Ó ní ta ni Ìyálé. Mo ní kó ṣáà máa bọ̀.

Nígbà tó dé, mo bá a kọlu ògiri. Mo retí ẹ̀rín, kò rín. Ó di ojú bíi tàná. Ó ní kí n tún un ṣe, kí n tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹrin ló di ọwọ́ mi mú.

"Gbọ́ abẹ́ ohùn ẹ."

Mo gbọ́ ọ. Kò-kò-kò-fùú. Kò-kò-kò-fùú. Ẹsẹ̀ Ìyálé tó ń tiro yẹn, tí mo ti ń ṣépè fún láti ọdún mẹ́tàlá. Kò sí ẹ̀rọ míì láyé tó ń dún bẹ́ẹ̀. Baba Ìrètí dìde, ó lọ mú fìlà rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Tèmi náà pọ́n, mo sì ní ìda ló ta sí i.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Oṣù Kẹsàn-án
Ẹgbẹ́ Aláròyé ti gbọ́ mi. Ta ni obìnrin yìí? Ta ni Ọ̀gá Àgbà? Kí ló kan eyín nínú eré ọkọ̀? Ọ̀kan ní mò ń ké bí ewúrẹ́ tó há sínú ọgbà. Mo gba fóònù ọkọ mi, mo dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan títí iná fi tán lórí rẹ̀. Nígbà tí mo ka ohun tí mo kọ, ojú tì mí: ẹ ní sùúrù, ẹ ò tíì gbọ́ ọ dáadáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kẹsàn-án
Àwọn tó ṣe géèmù ti kéde: ní ọjọ́ Ẹtì, àtúnṣe á wọlé sórí gbogbo ẹ̀rọ. Òjò wà bó ṣe wà. Ọwọ́ awakọ̀ wà bó ṣe wà. Obìnrin tó ń pariwo nìkan ni wọ́n máa yọ. Inú Ẹgbẹ́ Aláròyé dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì.

N kò lè jẹun. Ẹ wo èmi.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Oṣù Kẹsàn-án
Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Baba Ìrètí ti yọ wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò lára ẹ̀rọ náà. Ó ká a, ó jù ú sínú agolo símẹ́ńtì mi, ó sì dé e.

"Tiwa ò ní gba àtúnṣe kankan."

Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní lè bá ẹnikẹ́ni díje mọ́. Ó ní ta ni òun fẹ́ bá díje. Ó na páàdì sí mi.

Mo ti dá téèpù padà sínú àpótí. Eyín wà lórí tábìlì, búrẹ́dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mú ọkọ̀ pupa, mo wà á tààrà lọ sára ògiri, ìyálé àti ìyàwó sì ké lẹ́ẹ̀kan náà.