Ẹsẹ̀ Mùíbátù Lẹ́nu Ọ̀nà

Abdulbasit ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé aya àti ọmọ ń gbádùn? Ọlọ́run tó mú ọ dé Àbújá kò ní jẹ́ kí Àbújá gbé ọ mì. Azeezat àbúrò rẹ ń kí ọ.

Má bínú pé n kò gbé fóònù. Azeezat ní o fẹ́ rí ojú mi nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún fún mi ní Òṣogbo, dókítà ní n kò gbọdọ̀ gbé orí sókè, ilẹ̀ ni kí n máa wò, bí mò ń jẹun, bí mo sùn. Ikùn ni mo fi dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí, orí mi yọ sí etí rẹ̀, bébà wà lórí àpótí nísàlẹ̀, ojú òsì ni mo fi ń kọ ọ́.

Dókítà ní awọ ẹ̀yìn ẹyinjú mi ló ṣí, òun ti lẹ̀ ẹ́ padà, òun sì fẹ́ gáàsì sínú ojú náà kí ó máa tì í mọ́ àyè rẹ̀. Látìgbà tí mo ti gbọ́ gáàsì, bí Azeezat bá ti ṣáná, ìta ni mò ń sá lọ, o ṣáà mọ ohun tí gáàsì ń ṣe tó bá rí iná. Dókítà tún kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ wọ bàálù. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mọ́tò Ìlobù ni mo bá wá.

Ọmọ mi, ẹni tó dojú bolẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń mọ èèyàn. Lọ́jọ́ kẹta, ẹsẹ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Mo rí i pé ìka rẹ̀ tó kéré jù ti gé. Èmi ni mo ṣèèṣì fi ọkọ́ gé ìka yẹn nígbà tí a wà lọ́mọge. Mùíbátù ni, ọ̀rẹ́ mi ará Ìfọ́n. Láti ìgbà tí ìjà ilẹ̀ Ìlobù àti Ìfọ́n ti lé èèyàn kúrò nílé níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, a kò tíì fojú kan ara wa.

Mo ké pè é pé n kò lè wò ó o. Ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń wọ́ ara rẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi wà lábẹ́ ojú mi. Ó ti darúgbó, Abdulbasit. Ó ní èmi náà ti darúgbó. Omijé mi ń kán sí i lójú, ó ní kí n má sunkún mọ́, kí omi má lọ pa gáàsì náà.

Àràárọ̀ ló ń wá báyìí. Àwọn ará ilé kan ń kùn, mo ní ẹni tó bá lè bá mi dùbúlẹ̀ sílẹ̀ kó wá lé e. Àná, òun ló fà mí lọ́wọ́ lọ sí Òṣogbo. Dókítà ní awọ náà ti ń lẹ̀, kí n fi ọjọ́ mẹ́ta kún un. Ó na ìka síwájú ojú ọ̀tún náà, mo rí i bí ẹni ń wo nǹkan nínú omi, ṣùgbọ́n mo rí i.

Jọ̀wọ́, fi owó oògùn ojú àti owó mọ́tò ránṣẹ́. Bí o bá sì ń bọ̀ nílé, gba Ìfọ́n kọjá, kí o dọ̀bálẹ̀ kí Mùíbátù kí o tó wá kí mi.

Lọ́jọ́ tí ayé bá dojú rẹ bolẹ̀, Ọlọ́run á fún ọ ní ẹni tí yóò wá ọ wá sílẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàrátù