Bẹ́ẹ̀ Ni Tí O Ní Kí Ọkọ Mi Tẹ̀

Ọgbà Àwọn Olùkọ́,
Ilé-Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́.
Ọjọ́ Ẹtì.

Àbúrò mi, Lọ́yà,

Mo kí ọ o. Mi ò ní bèèrè bóyá ara rẹ le, torí mo gbọ́ ohùn rẹ lórí rédíò láàárọ̀ àná, ó ń dún ketekete bí ohùn ẹni tó sùn dáadáa. Àwa náà ò ṣàìsàn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ibi tí àlàáfíà wa mọ nìyẹn.

Wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi. Ọ̀gá iléèwé ló wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ káfíńtà. Ojú àwọn ọmọ náà ló ti sọ ọ́: ìwé òfin tuntun ti wọlé, ẹni tí wọn ò bá bí bàbá rẹ̀ sílẹ̀ yìí ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ìjọba mọ́, kò sì gbọdọ̀ gbé ilé ìjọba. Ọkọ mi ní, "Ẹ jẹ́ n parí ẹsẹ̀ àga yìí ná, sà." Ó parí ẹ̀. Ó gbálẹ̀, ó kó ayùn àti òòlù ẹ̀ sápò, ó wálé.

Ẹni tí ìyá ẹ̀ pọ̀n kọjá ààlà nígbà tí kò tíì lè dá jókòó! Tí wọ́n bá ní kó máa lọ sílé lónìí, èmi ni yóò bi pé ọ̀nà ibo ni.

Ṣó o rántí bí ilé wa ṣe pín sí méjì nígbà tí ìwọ àti àwọn lọ́yà ẹgbẹ́ rẹ gbé ìwé òfin yẹn jáde pé kí ará ìlú dìbò lé e lórí? Ìwọ ní ó dáa, pé ààrẹ ò ní lè jókòó sórí àga títí ikú fi máa gbé e mọ́, pé adájọ́ ò ní máa gbàṣẹ lórí fóònù mọ́. Mi ò bá ọ jiyàn. Òótọ́ ni, ìyà òfin àtijọ́ jẹ gbogbo wa. Ohun tí mo sọ ni pé kẹ́ ẹ wo abala tó ń sọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ìlú, torí nígbà tí mo kà á, àyà mi já. O fi mí rẹ́rìn-ín. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù nìkan ni yóò pa yín láyé yìí." Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi bi ọ́ lójú mi pé, "Àbúrò, ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?" O di ọwọ́ ẹ̀ mú, o ní, "Kò kàn yín rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbó sílẹ̀ yìí? Ẹ tẹ bẹ́ẹ̀ ni, kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀."

Lọ́jọ́ ìbò, mo bẹ̀ ẹ́ títí lórí ìlà pé kó tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó bínú sí mi, ohun tí kì í ṣe. Ó ní, "Ọmọ tí mo ń gbé léjìká kọjá omi lọ síléèwé nígbà òjò, ṣé òun ni yóò purọ́ fún mi?" Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, èmi tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó na ìka tó ní íǹkì sókè, ó ń fi hàn mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìbò tó máa dì kẹ́yìn láyé ẹ̀ nìyẹn, torí òfin yín ti gba ìyẹn náà lọ́wọ́ ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ka èsì, tẹ́ ẹ ń jó ní pálọ̀ wa, mo pè ọ́ wá sí kíṣìnnì, mo bi ọ́ bóyá o mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé abala yẹn kan ọkọ mi. O wolẹ̀. O ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀. Ìbò wa ò fi bẹ́ẹ̀ dájú nígbà yẹn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, a ò lè torí abala kan da odindi òfin nù." Háà! Orí ta lẹ wá bẹ́? Ìwọ ọmọ yìí, o ṣìkà! Ojú ń tì mí pé ọmú kan náà la jọ mu.

Gbogbo ẹni tó ń wá kí wa báyìí ló ń bú ọ. Ọkọ mi ò gbà fún wọn. Ó ní, "Àbúrò ò mọ̀ ni. Wọ́n tan òun náà jẹ ni. Ká ní ó mọ̀, ì bá ti sọ fún mi." Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ṣe ni mo máa ń sá wọ yàrá.

Mi ò tíì sọ fún un, mi ò sì ní sọ. Má rò pé nítorí tìẹ ni o. Iṣẹ́ ti lọ, ilé ń lọ, ìlú ti kọ̀ ọ́. Ìwọ nìkan ló kù tó rò pé òun ní. Torí náà, tó o bá wá, tó sì bi ọ́, wo ojú ẹ̀ kó o purọ́. O kúkú mọ̀ ọ́n ṣe.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ. Kó fún ọ lọ́mọ tí yóò máa sọ òótọ́ fún ọ. Kí ìlú má kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ alẹ́. Àmín.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ, nítorí mi ò rí ìyẹn yí padà.

Àfikún: Bẹ́ẹ̀dì tí ọkọ mi ń kàn fún ìgbéyàwó rẹ ti parí. Rán ọkọ̀ wá gbé e kí oṣù yìí tó tán, torí a ò ní ibi tá a máa gbé e sí. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kó o bò ó dáadáa, kí òjò má pa á.