Orogún Mi Tó Wà ní Gáréèjì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù kẹrin, 2025

Bàbá Hephzibah, lúbúlúbú òdòdó igi páìnì ti tún bo gbogbo Lithonia. Àga ìta, ojú fèrèsé, imú mi – gbogbo rẹ̀ ti di yẹ́lò. Orogún mi nìkan ni kò kàn. Ó wà nínú gáréèjì lábẹ́ aṣọ tí ẹ fi bò ó.

Orogún ni mo sọ ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ tí ẹ gbé e dé. MG kékeré, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba lọ́dún 1967. Ìjókòó méjì péré, orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Mo ní ta ni ìjókòó kejì wà fún, èmi ni àbí ìyàwó tuntun? Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín.

Àbúrò yín wá lónìí. Ẹ mọ̀ pé mi ò lè pe Déolú lórúkọ, ó ti wà nílé yín kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Akọ̀wé ni mo sọ ọ́, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára. Ó wa ọkọ̀ wá láti Suwanee, ó jẹ ìrẹsì, ó lọ ṣí aṣọ lára orogún mi. Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n wá wọ́ ọ lọ síbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù tà. Lẹ́yìn náà ó tún ìtàn yẹn sọ: pé ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún yín lù yín ní jìbìtì, pé òkú ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀ tí wọ́n kùn lọ́dà.

Ìtàn kan náà tó sọ níbi ìsìnkú yín, tí gbogbo gbọ̀ngàn ìjọ fi rẹ́rìn-ín. Mo jókòó níbẹ̀ nínú aṣọ dúdú. Ọkùnrin tó fi gbogbo Sátidé rẹ̀ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kan – òun ni wọ́n wá ń pè ní ẹni tí wọ́n tàn jẹ.

Lónìí mo dá a lóhùn. Mo ní màá wá ẹni tó mọ irú ọkọ̀ yìí kó yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá jẹ́ òkú ọkọ̀ ni, kó máa wọ́ ọ lọ. Tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ibi tó ti sọ ìtàn náà ni kó ti kó o jẹ: níwájú ìjọ.

Ó ní, "Ìyàwó wa, mo gbà. Ẹ sáà jẹ́ kí n ti máa bá ẹni tó máa wọ́ ọ sọ̀rọ̀."

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù kẹrin

Mo ti rí obìnrin kan ní Douglasville. Ọkọ̀ àtijọ́ Ìlú Ọba nìkan ló ń yẹ̀ wò. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti tíṣà. Ó gba nọ́ńbà ara ọkọ̀ lọ́wọ́ mi lórí fóònù.

Ọjọ́rú, 9 oṣù kẹrin

Evelyn lorúkọ rẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun, ó gé e mọ́lẹ̀, àpò wà káàkiri ara ṣòkòtò rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rìn yí orogún mi ká láì fọwọ́ kàn án, bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù.

Ó wá fi aṣọ wé òòfà kan, ó ń fi í rìn lára ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní ibi tí wọ́n bá ti fi pútì dí ihò, òòfà ò ní dì mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn – ó dì mọ́ ọn. Abẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí irú ọkọ̀ yìí ti máa ń dípẹtà – ó dì mọ́ ọn. Ó fi ìka wọn àlàfo ilẹ̀kùn lókè àti nísàlẹ̀. Ó gbé e sókè, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Ó yà mí lẹ́nu bí ọkàn mi ṣe dúró sójú kan bí mo ṣe rí ẹsẹ̀ ènìyàn lábẹ́ ọkọ̀ yẹn.

Ó jáde, ó ní ara kan ṣoṣo ni. Kò sí ibi tí wọ́n ti so nǹkan kan pọ̀.

Mo fẹ́ jó. Kò jẹ́ kí n jó. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Ó fi hàn mí: àmì ọ̀dà lára kabúrétọ̀, lára ẹ̀rọ tó ń jí ẹ́ńjìnì, lára jíábọ́ọ̀sì. Láti ibi tí mo dúró ó dà bí ìdọ̀tí lásán, ooru àti ọ́ìlì ti sọ ọ́ di dúdú. Ó ní báyìí ni wọ́n ṣe máa ń sàmì sí nǹkan níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù tà. Ó sì ní irin pelebe tí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnì sí, ọ̀dà kan náà ló bò ó pátápátá.

Ó ní, "Màdáàmù, ẹni tó bá bo nọ́ńbà ẹ́ńjìnì, nǹkan kan ló ń fi pa mọ́."

Lójú tirẹ̀, ara ọkọ̀ náà jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni wọ́n ti kó gbogbo inú rẹ̀ wá. Ó ti kọ̀wé sí àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ náà ní Ìlú Ọba, wọ́n á sọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnì tó bá ọkọ̀ yìí jáde. Ó ní kí n má fọkàn sí i.

Ṣé wọ́n lù yín ní jìbìtì lóòótọ́ ni, ọkọ mi?

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù kẹrin

Mo lọ síbi iṣẹ́, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mo wẹ àwọn arúgbó mi. Bàbá kan béèrè ìdí tí mi ò fi kọrin lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù kẹrin

Hephzibah wá. Mo sọ ohun tí Evelyn sọ fún un. Ọmọ yín ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ mì – kò kúrò lórí àga kó tó pe Uncle rẹ̀. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín lórí fóònù, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ẹ̀rín ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní mótò tó máa wọ́ ọ yóò dé ní Sátidé tó ń bọ̀.

Hephzibah dì mọ́ mi, ó ní, "Mummy, má worry. Daddy ṣì jẹ́ Daddy."

Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó jẹ́ Daddy tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù kẹrin – Àìkú Ọ̀pẹ

Ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí lónìí.

Lẹ́yìn ìsìn a jẹun, àwa obìnrin wá wà ní ilé ìdáná ìjọ, a ń fọ ìkòkò. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, ìkòkò gbogbo wa jọra. Ìyá Comfort gbé ọ̀kan, ó ní tòun ni. Mo ní tèmi ni, kó yí ìdí rẹ̀ sókè kó wo àmì mi. Ó yí i.

Kútẹ́ẹ̀sì. Ilà kan ṣoṣo tí mo fi kútẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ọsàn fà síbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rà á. Iná ti sọ ọ́ di dúdú, ọ̀rá ti bò ó. Ó dà bí ìdọ̀tí lásán.

Mo gbá ìkòkò náà mọ́ra, omijé ń bọ́. Ìyá Comfort ní, "Ẹ gbà, ẹ gbà, ìkòkò ni, kì í ṣe ọmọ."

Àkànbí mi. Ẹ rántí Peugeot wa ní Ìbàdàn? Ẹ gbé e fún mẹkáníìkì kan, ó yọ kabúrétọ̀ tuntun, ó fi ògbólógbòó sí i. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ yín kankan ò dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì láì jẹ́ pé ẹ ti sàmì sí gbogbo ohun tó ṣeé yọ níbẹ̀. A dé Amẹ́ríkà, mo rò pé ẹ ti fi í sílẹ̀. Ìgbà tí ẹ sì ń gbé orogún mi lọ síbi tí wọ́n ti ń tún bírékì ṣe, ẹ wà ní gáréèjì láti àárọ̀ títí mo fi pè yín wá jẹun. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kútẹ́ẹ̀sì mi sọnù. Mo wá a títí.

Ẹ tilẹ̀ bá mi wá a!

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù kẹrin

Mo pe Evelyn. Ó ní ọ̀dà ni ọ̀dà. Mo ní kì í ṣe ọ̀dà, kútẹ́ẹ̀sì mi ni. Ó ní òun á wá ní Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù kẹrin

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo mú òwú, mo mú omi tí mo fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́. Evelyn ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí kabúrétọ̀. Mo kọ́kọ́ nu ọ́ìlì kúrò, mo wá fi òwú tí mo rì bọ omi náà nu àmì náà. Àwọ̀ ọsàn jáde, àti àwọn nǹkan wínníwínní tó ń dán bí ìràwọ̀. Evelyn gba òwú lọ́wọ́ mi, ó gbé e sábẹ́ iná. Ó ní kò sí ibi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tà lágbàáyé tí wọ́n ti ń lo ọ̀dà tó ń dán báyìí.

Ó ní kí n má tíì pa àwọn yòókù rẹ́. Ó tẹ̀ ba, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti fa ilà kọ̀ọ̀kan láti orí nọ́ọ̀tì kọjá sára irin. Ẹni tó bá yí nọ́ọ̀tì náà, ilà á já sí méjì. Kò sí èyí tó já, Bàbá Hephzibah. Kò sí ọ̀kan.

Ó wá ku nọ́ńbà. Èsì ti dé láti Ìlú Ọba, ó fi bébà náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun á nu ti ẹ́ńjìnì, òun á máa kà á, kí n máa fi ìka tẹ̀ lé e. Ó nu ún. Ó ń kà. Ìka mi ń lọ. Nígbà tó ku ẹyọ kan ó dúró láti nu awò ojú rẹ̀, mo fẹ́ gbá a létí.

Ó ní, "Méje."

Méje ló wà lábẹ́ ìka mi.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gáréèjì. Evelyn náà jókòó tì mí, pẹ̀lú ṣòkòtò alápò rẹ̀. Ó ní, "Ẹ́ńjìnì yìí ni wọ́n fi sí i lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹnikẹ́ni ò lu ọkọ yín ní jìbìtì." Ó béèrè ìdí tí ẹ fi bo nọ́ńbà. Mo ní kí ẹ lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó ní ká fi àwọn àmì tó kù sílẹ̀, àwọn náà ti di ara ìtàn ọkọ̀ yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 oṣù kẹrin

Mo pe Akọ̀wé. Mo ní kó dá mótò rẹ̀ dúró. Mo sọ ohun tí Evelyn rí fún un, ó ní òun á pè wọ́n lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 20 oṣù kẹrin – Àjíǹde

Mi ò rán an létí. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde nínú gbọ̀ngàn kí wọ́n tó bu oúnjẹ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kó jẹ kí n tó jẹ ìrẹsì. Ibí ni mo ti sọ fún yín pé wọ́n tan ẹ̀gbọ́n mi jẹ. Irọ́ ni. Ojúlówó ọkọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi rà, ó sì ṣọ́ ọ dáadáa ju bí mo ṣe ń ṣọ́ ẹnu mi lọ."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Comfort ta ṣókí ijó kan. Mo wọ aṣọ aláwọ̀ ojú sánmà tí ẹ fẹ́ràn. Mo jẹ àwo méjì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 oṣù kẹrin

Evelyn ti gbé orogún mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ti pààrọ̀ táyà àti bírékì rẹ̀. Akọ̀wé gbé èmi àti Hephzibah lọ sí Douglasville lọ gbà á. Kó tó pa ọkọ̀ rẹ̀ tán ó ti sáré bọ́ sí ìdí sítíárì orogún mi. Ó wo ilẹ̀. Ó béèrè ohun tí pẹ́dàlì kẹta wà fún.

Mo ní, "Ẹ sọ̀kalẹ̀, Akọ̀wé. Kilọ́ọ̀ṣì ni. Kò sí nínú tiyín."

Ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ọmọ ilé ìwé. Hephzibah wa ọkọ̀ Akọ̀wé tẹ̀ lé wa. Mo rò pé ẹsẹ̀ mi ti gbàgbé kilọ́ọ̀ṣì láti ìgbà Peugeot wa. Ọkọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú Evelyn, ó jí, a bọ́ sórí I-20. Àwọn mótò akẹ́rù ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bí ilé. Atẹ́gùn wọ inú gèlè mi, mo tú u, mo fi í sábẹ́ itan. Àwọn ènìyàn ń na àtàǹpàkò sí wa láti ojú fèrèsé. Ohùn ẹ́ńjìnì náà – mo wá mọ ohun tí ẹ ń gbọ́ níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé yẹn.

Ọkọ̀ pọ̀ ní àárín Atlanta, a ń rìn kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Akọ̀wé fi àtẹ́lẹwọ́ kan lé ara ilẹ̀kùn, bí ẹni ń yẹ ibà wò lára ọmọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi máa ń pè mí pé kí n wá gùn ún. Mo máa ń sọ fún un pé ọwọ́ mi dí."

Mi ò wojú rẹ̀. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ níwájú wa. Mo tẹ kilọ́ọ̀ṣì, mo ti jíà sí ìkẹrin, mo ní kó di ara rẹ̀ mú dáadáa.