Òpó Etí Odò Ń Parọ́, Mo Sì Dákẹ́

Mo mọ̀ pé bájì, ọkọ̀ akẹ́rù orí odò yẹn, máa há sórí iyanrìn lọ́jọ́bọ̀, mi ò sì tíì sọ fún ẹnì kankan. Ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́ o, nítorí Òrè ò tóbi, ọ̀gá mi náà sì ń ka pèèjì yìí.

Odidi oṣù méje ni mo fi wà nínú ọkọ̀ kékeré lórí odò l'Agbabu, lójò lẹ́ẹ̀rùn, tí mò ń wọn bí omi ṣe jìn tó. Bàbá atukọ̀ kan ló ń tù mí kiri, ó ń fi ọ̀pá ẹ̀ júwe ibi tí iyanrìn máa ń ṣí lọ lẹ́yìn òjò fún mi. Ohun tí mo wọ̀n ni mo fi ṣe odò náà sínú kọ̀ǹpútà, tí èèyàn á jókòó sí ọ́fíìsì kó rí ibi tí bájì, àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó ń kó ẹrù, ti lè kọjá, kí wọ́n lè máa gba orí omi kó gẹdú àti ọ̀dà ilẹ̀ wa jáde... ọ̀dà tí wọ́n ti ń pariwo ẹ̀ látìgbà tí ìyá mi wà lọ́mọge. Ṣé ẹ mọ ohun tí ọ̀gá mi ṣe? Ó yọ orúkọ mi kúrò lára iṣẹ́ náà, ó fi tiẹ̀ sí i. Àwọn àlejò wá láti Àkúrẹ́, wọ́n bi í pé ta ni mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ tó ń bá wa di ọ̀pá mú ni." Èmi o... Ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú, ata ló fi sẹ́nu. Àtọjọ́ náà ni inú mi ti ń hó.

Ẹ wá gbọ́. Òpó kan wà létí omi tí a kun nọ́ńbà sí, ara ẹ̀ la ti ń ka bí omi ṣe ga tó. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, odò kún, ó wó òpó náà. Bàbá fi àánú ṣe é, ó rì í mọ́lẹ̀ padà kí n tó dé, àmọ́ ó rì í jù, torí ó fẹ́ kó dúró dáadáa. Látìgbà náà ni òpó yẹn ti ń ka omi tí ò sí níbẹ̀, ó ń fi nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan lé e. Ojú ẹsẹ̀ ni mo rí i. Ọ̀gá mi kì í dé etí odò, orí fóònù ló ti ń gba nọ́ńbà lọ́wọ́ àwa tó ń ka òpó, ó kó o sínú iṣẹ́ mi, kọ̀ǹpútà sì sọ fún un pé bájì tó kún fẹ́rù lè gba kọ́nà kan tí iyanrìn pọ̀ sí nínú odò náà kọjá. Mò ń wò ó. Ọjọ́bọ̀ yìí ni bájì kan máa gba ibẹ̀, àwọn àlejò Àkúrẹ́ náà á sì wá wò ó. Mo ní kó há níwájú wọn, kí ojú ti ọ̀gá mi débi tí ò ní lè gba gáréèjì Òrè kọjá mọ́. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ti yan aṣọ tí mo máa wọ̀ lọ wòran.

Àfi lánàá tí mo yà kí Bàbá. Òun ni wọ́n mú pé kó tu bájì náà, òun àti èèyàn mẹ́rin, pẹ̀lú gẹdú tí wọ́n tò jọ gègèrè lẹ́yìn wọn. Mo ní ṣé ó ti tọ́jú ọ̀pá tó fi ń wá ìsàlẹ̀ omi. Ó ní, "Ìwọ lo wọn omi yìí, ọmọ mi. Mi ò ní mú ọ̀pá dání." Omi máa ń le ní kọ́nà yẹn, bí bájì bá há, gẹdú lè yí lé wọn lórí...

Tí mo bá sọ fún ọ̀gá mi, á ní òun lòun rí àṣìṣe náà, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, á sì ní Bàbá ló ba òpó jẹ́, wọ́n á lé e kúrò níbẹ̀. Ṣé ìyà mi ò tíì tó ni? Ṣé kí n kàn sọ fún Bàbá nìkan pé kó mú ọ̀pá ẹ̀ dání? Mo ṣì ń fẹ́ kí ojú ti ọkùnrin yẹn o, ẹ má bú mi. Ṣùgbọ́n Bàbá máa wò mí lójú, á bi mí pé láti ìgbà wo ni mo ti mọ̀... ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n fi dá a lóhùn?