Ìdọ̀tí Tó Ń Rìn

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ kú oko, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibí. Mo kí Bọ̀dá Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n mi, àti ìyàwó wọn. Àǹtí ọ́fíìsì wa ló ń bá mi tẹ lẹ́tà yìí, wọ́n ní àwọn ẹlòmíì á fẹ́ kà á. Mo gbọ́ àdúrà tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù, pé kí Ọlọ́run gbá gbogbo ìdọ̀tí kúrò lójú ọ̀nà wa. Mo ṣe àmín. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín nípa ìdọ̀tí.

Kuje tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Festac níbí la ṣì wà. Òjò ò jẹ́ ká rímú mí. Bàbá Táyọ̀ ṣì ń fi ọkọ̀ onígi gbé ẹrù kọjá omi, níbi tí àwọn ọkọ̀ onírin tó ga ju ilé lọ ń gbà. Ẹ mọ̀ pé odò ilé wa ò kọjá orúnkún. Tó bá ti jáde, àyà mi á máa já títí á fi wọlé, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún níbí.

Iṣẹ́ tí mo ní mo rí yẹn, ọ́fíìsì kan ni mò ń gbá ní Festac, Táyọ̀ á wà lẹ́yìn mi. Àǹtí Bùkọ́lá ni ọ̀gá, àwọn àti Dẹ̀jì tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ orí ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń kọ ohun tí kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé láti fi ya ohun tí rádà ń rí lórí omi. Rádà ọ̀hún wà lórí òpó létí omi. Mo bi Àǹtí pé kí ló ń ṣe gan-an. Wọ́n ní ó dà bíi pé ó ń pariwo tí etí èèyàn ò lè gbọ́, ohun tí ariwo náà bá kàn á dá a lóhùn. Mo ní ṣé bíi ti àpáta ẹ̀yìn ilé wa, téèyàn bá kígbe sí i? Wọ́n ní òun gan-an ni. Ohun tó bá dáhùn á di àmì kékeré lójú kọ̀ǹpútà, ìlà kan á sì máa yí po bí ọwọ́ aago, á máa tún un yà lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Àǹtí ní ìdọ̀tí ti pọ̀ jù lójú kọ̀ǹpútà yẹn. Kíá, mo mú àkísà tútù, mo nù ún. Dẹ̀jì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, "Màmá Táyọ̀, inú ni ìdọ̀tí yẹn wà o, ẹ máa nu gíláàsì lọ." Ojú tì mí, àmọ́ mi ò kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní ìgbì omi náà máa ń dáhùn, òun làwọn ń pè ní ìdọ̀tí. Àǹtí tẹ nǹkan kan, gbogbo àmì wẹ́wẹ́ pòórá, ó ku ọkọ̀ ńláńlá nìkan. Wọ́n ní bí àwọn tó gbéṣẹ́ fún àwọn ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, kó mọ́ tónítóní, torí àwọn tó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ ńlá ló máa lò ó.

Mo béèrè pé ṣé igi náà máa ń dáhùn. Wọ́n ní irin ló ń pariwo, ohùn igi kéré. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá ìdọ̀tí náà padà. Mo wò ó, mo wò ó. Ìgbì ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún, àmọ́ àmì kan wà tí ò fò. Bí ìlà yẹn bá ti yí dé ibẹ̀, á ti sún síwájú díẹ̀, gbọọrọ. Mo pe Bàbá Táyọ̀. Ó ní àárín omi lòun wà, kí ló dé. Mo ní kó jọ̀ọ́ pa ẹ́ńjìnnì. Ó kùn, ó pa á. Àmì yẹn dúró. Mo ní kó máa lọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Dẹ̀jì ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó nawọ́ tẹ ibi tí Àǹtí tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó lè wò ó bóyá àmì yẹn á ṣẹ́ kù. Ọkọ mi pòórá lójú kọ̀ǹpútà, ohùn ẹ̀ sì wà létí mi, ó ń bi mí pé ṣé ara mi yá.

Mo ní, "Àǹtí, ìdọ̀tí kọ́ lẹ gbá yẹn. Bàbá ọmọ mi ni."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ní báyìí, ohun tó bá rìn gbọọrọ títí ìlà yẹn fi yí po lẹ́ẹ̀márùn-ún, kọ̀ǹpútà ò ní gbá a, bó ti wù kó kéré tó. Wọ́n ní tí òjò bá le, ó ṣì lè sọnù, àwọn ṣì ń ṣe é. Àwọn tó gbéṣẹ́ fún wọn ní kò mọ́ tó. Àǹtí ní kò ní mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, àmọ́ mo ti mọ ibi tí mo lè wò.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àtọmọdé àtàgbà. Ẹ máa pẹ́ fún wa, ẹ ò ní sunkún ọmọ. Àdúrà yẹn, ẹ má dá a dúró o. Kí ẹ ṣáà bá mi fi kún un pé kí Ọlọ́run kọ́kọ́ wò ó dáadáa kó tó gbá a.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìyá Táyọ̀