Bíà Tí Kò Korò Lẹ́nu Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ sì kú àárò wa. Mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Orúnkún Màámi ti ń san, Bàbá sì ti kun yàrá yín.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín gan-an nìyí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá wa nílé ìpọntí gbé bíà tuntun kan tó le gan-an wá, ó ní kí àwa mẹ́ta tá a máa ń tọ́ ọtí wò fún un ní máàkì. Họ́ọ̀pù, òdòdó tó ń mú bíà korò, pọ̀ nínú rẹ̀. Ojú àwọn méjì yòókù fún pọ̀. Èmi gbóòórùn èèpo ọsàn, ọ̀fun mi sì gbóná, àmọ́ kò korò lẹ́nu mi rárá. Wọ́n kọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá fún ìkorò. Mo yọjú wo ìwé wọn, mo kọ mẹ́sàn-án.

Ọkàn mi ò balẹ̀, mo bá lọ jẹ́wọ́. Ọ̀gá ní, "Máa lọ sílé ná. Ọjọ́ tí kọfí bá korò lẹ́nu rẹ, kó o padà wá."

Ṣé ó lé mi ni, àbí ó ní kí n sinmi? Kò yé mi. Mo ti mu kọfí mẹ́rin lónìí láìsí ṣúgà, bí omi ló rí. Ẹ jọ̀ọ́, irú dókítà wo ni kí n lọ rí?

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ yín lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má tíì sọ fún Màámi. Wọ́n bi mí láàárọ̀ yìí bóyá iyọ̀ ọbẹ̀ tó. Mo ní ó tó, mo wá jókòó, mo ń wo ojú Bàbá bí wọ́n ṣe ń jẹun.

Èmi àbúrò yín